Mélòó Nínú Mélòó? Títọpa Kòkòrò Tó Yarí fún Oògùn Nílé Ìwòsàn

Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníṣẹ́ láàbù àti ẹ̀yin apòògùn, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹnì kan lẹ ìwé mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù yín, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú Klebsiella (irú bakitéríà kan) 100 tí láàbù rí lọ́dún tó kọjá, apá oògùn apakòkòrò ceftriaxone ò ká 80. Kí ẹ tó béèrè oògùn tó kù, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: 80 nínú 100 àwọn ta ni? Ta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọ́n gbà á? Ṣé ó ti ń gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbà á ni? Àbí ẹnì kan náà ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Orí ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé. Ẹ̀rọ olówó ńlá dára o, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kọ́ ni iye tí à ń gbé jáde ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń bàjẹ́, àti orí fọ́ọ̀mù, àti orí àwo ágà (oúnjẹ dídì tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀ ní láàbù) tí wọ́n dà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ìṣirò àgbáyé tó jáde ní 2022 sọ pé ní 2019 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni ìyarí kòkòrò sí oògùn ṣekú pa ní tààrà, ó sì lọ́wọ́ nínú ikú mílíọ̀nù 4.95. Apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó ti pọ̀ jù, ikú 27.3 nínú èèyàn 100,000. Agbègbè yìí kan náà sì wà lára ibi tí àkọsílẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n jù, débi pé àwọn oníṣirò ní láti fi ti ibòmíràn díwọ̀n tiwa. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wa méfò, ká má tan ara wa.

Àrùn tí èèyàn kó nílé ìwòsàn ni èyí tí kò sí lára rẹ̀, tí kò sì tíì máa ràn lábẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Òdiwọ̀n tí à ń lò ni wákàtí 48. Bí ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò hù jáde nínú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn wákàtí 48 tí aláìsàn ti dé, ọrùn ilé ìwòsàn ni a ń kà á sí. Ojú egbò iṣẹ́ abẹ ní òdiwọ̀n tirẹ̀: 30 ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí 90 ọjọ́ fún àwọn iṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n ti fi irin tàbí nǹkan àtọwọ́dá mìíràn sínú ara. Nítorí náà, ìyá tó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, tó lọ sílé lọ́jọ́ kẹrin, tí egbò rẹ̀ wá tú lọ́jọ́ kejìlá, tiwa ni. Ṣùgbọ́n kílíníìkì tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ló máa lọ, kò sì sẹ́ni tó máa kà á. Bí ẹ bá rí ilé ìwòsàn tó sọ pé egbò iṣẹ́ abẹ òun kì í bàjẹ́ rárá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ sílé.

Ọjọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù: ọjọ́ tí aláìsàn gba bẹ́ẹ̀dì, àti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ìgò dé láàbù kò lè rọ́pò èkejì. Fọ́ọ̀mù tó kàn kọ "obìnrin, àgbà, ibà" kò wúlò fún títọpa, bó ti wù kí láàbù mọṣẹ́ tó. A tún nílò ìbéèrè kẹta: ṣé aláìsàn yìí ti sùn ní ilé ìwòsàn mìíràn láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹni tó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbòmíràn kí wọ́n tó gbé e wá, tí Acinetobacter, bakitéríà mìíràn, sì hù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní lọ́dọ̀ wa, òfin wákàtí 48 á sọ pé láti ilé ló ti gbé e wá. Irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ló ti gbé e wá.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. Ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ojú egbò ní kòkòrò tí ń gbé ibẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìtọ̀ ẹni tí rọ́bà wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hu nǹkan ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ kò yẹ kó ní kòkòrò kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Fún àgbàlagbà, mìlílítà 8 sí 10 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ìgò méjì láti apá kan, méjì láti apá kejì. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn gan-an, kòkòrò lè má tó ẹyọ kan nínú mìlílítà kan. Ẹni tó bá fi mìlílítà mẹ́ta sínú ìgò kan ṣoṣo, tó wá gba èsì pé "kò sí nǹkan," kò tíì mọ nǹkan kan. Ọmọ tuntun yàtọ̀: kòkòrò sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà mìlílítà kan lè tó, ṣùgbọ́n kó pé.

Bí a ṣe ń gbà á nìyí. Ẹ fi spírítì 70% nu orí rọ́bà ìgò, kó gbẹ. Ẹ fi chlorhexidine 2% tó wà nínú spírítì fọ ara aláìsàn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó tún gbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Gbígbẹ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń pa kòkòrò. Lẹ́yìn náà, ẹ má tún fi ìka wá iṣan mọ́. Ẹ má fà á láti inú kánúlà tó ti wà lọ́wọ́ aláìsàn láti àná. Ẹ gbà á ṣáájú abẹ́rẹ́ apakòkòrò àkọ́kọ́; bí aláìsàn bá ti ń gba oògùn, ẹ gbà á nígbà tí abẹ́rẹ́ tó kàn bá kù díẹ̀. Kí ìgò dé láàbù láàárín wákàtí méjì, kó má sì wọ fíríìjì láé, nítorí òtútù ń pa àwọn kòkòrò kan tí a ń wá. Bí kòkòrò ara lásán bá hù nínú ìgò kan péré nínú mẹ́rin, ó jọ pé ara aláìsàn tàbí ọwọ́ ẹni tó gbà á ló ti wá. Bí ó bá hù nínú ìgò apá méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí irú àbàwọ́n yìí bá ju 3 lọ nínú ìgò 100, ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ tún kọ́ níṣẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí 80 nínú 100. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn ni owó àyẹ̀wò ti ń jáde. Dókítà á fún un ní ceftriaxone ná, tó bá di ọjọ́ kẹta tí ara kò yá, wọn á ní kí àwọn ẹbí lọ sanwó fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ká mú iye kan fi ṣe àpẹẹrẹ. Èèyàn 100 ní Klebsiella nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́dún kan, apá ceftriaxone ò sì ká ti 40. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kìíní, 40 nínú 100 ni a ó rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwọn tí ara wọn kò yá nìkan la gbà, gbogbo 40 yẹn á wọlé, pẹ̀lú bíi 10 nínú 60 yòókù tí àìsàn wọn ní ìdí mìíràn. 40 nínú 50 nìyẹn, ìyẹn 80 nínú 100. Láàbù kò ṣe àṣìṣe kankan, síbẹ̀ iye náà ti di ìlọ́po méjì. Bíi kéèyàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòtù ìbílẹ̀, kó máa ka tọkọtaya tó ń wọlé, kó wá kéde pé kò sí ìgbéyàwó tó rójú mọ́ nílùú.

Ohun tó ń tẹ̀lé e le ju iye náà lọ. Dókítà tó bá ka 80 yẹn á fi meropenem, apakòkòrò tó lágbára ju ceftriaxone lọ, bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń gbóná. Láàárín ọdún díẹ̀, kòkòrò tó yarí fún meropenem náà á pọ̀, kò sì ní sí èyí tó kù ju colistin àti àwọn oògùn tí owó wọn ò ṣe é gbọ́. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ẹ mú wọ́ọ̀dù kan, kí ilé ìwòsàn gba owó ìgò ibẹ̀ rù, kí òfin sì wà pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, tàbí ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ tutù wálẹ̀ sí abẹ́ 36°C, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Níbi tí èyí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ kọ "ṣáájú oògùn" tàbí "lẹ́yìn oògùn" sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì ka àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku láàbù. Ìlànà dísìkì (bébà róbótó tó ní oògùn, tí à ń gbé lé àwo kòkòrò ká lè wọn àyíká ibi tí kò ti hù) tí Bauer, Kirby, Sherris àti Turck tẹ̀ jáde láti Seattle ní 1966 ni ọ̀pọ̀ láàbù wa ṣì ń lò, kò sì sí ohun tó ṣe é, tí a bá tẹ̀ lé e. Ẹ mú òkìtì kòkòrò mẹ́ta sí márùn-ún tó jọra láti orí àwo tó mọ́, ẹ pò wọ́n sínú omi iyọ̀ títí rírú rẹ̀ á fi bá ti ìgò òdiwọ̀n tó ń jẹ́ McFarland 0.5 mu, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 150 kòkòrò nínú mìlílítà kan. Ẹ gbé òun àti ìgò òdiwọ̀n náà síwájú ìwé tó ní ìlà dúdú, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ojú lásán máa ń tan èèyàn. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ fi òwú orí igi tẹ́ ẹ sórí àwo ágà Mueller-Hinton ní ọ̀nà mẹ́ta. Láàárín ìṣẹ́jú 15 mìíràn, ẹ to dísìkì sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí i, kí àwo wọ inú ẹ̀rọ amóoru ní 35°C fún wákàtí 16 sí 18.

Ágà gbọ́dọ̀ nípọn ní mìlímítà mẹ́rin. Fún àwo 90 mm, bíi mìlílítà 25 nìyẹn. Ágà wọ́n, a mọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń da 15. Nígbà tí ágà bá fẹ́lẹ́, oògùn á tàn jìnnà, àyíká mímọ́ tó yí dísìkì ká á tóbi, kòkòrò tó ti yarí á sì dà bí ẹni tí apá oògùn ká. Bí ágà bá nípọn jù, òdì kejì ló máa ṣẹlẹ̀. Bí omi kòkòrò bá rú jù, àyíká á kéré, a ó sì pariwo ìyarí tí kò sí. Dísìkì tó ti gba ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá imipenem àti amoxicillin-clavulanate. Inú fírísà -20°C ni ká tọ́jú wọn, ká kó ìwọ̀nba tí à ń lò sínú fíríìjì, ká sì jẹ́ kí ike rẹ̀ gba ooru yàrá fún bíi wákàtí kan ká tó ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrì á sẹ̀ sára dísìkì. Ibi tí iná ti ń lọ fún ọjọ́ méjì tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, ká má ṣe bí ẹni pé dísìkì tó wà níbẹ̀ ṣì dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa dísìkì oníràwọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí oògùn mẹ́jọ so pọ̀ mọ́ ara wọn. Owó rẹ̀ pọ́ọ́kú, ó sì yá. Ṣùgbọ́n lórí àwo 90 mm, àyíká kan á wọ inú òmíràn, tí rúlà ò ní rí etí tó máa wọ̀n. Àwọn oògùn kan nínú rẹ̀ kò bá kòkòrò tó wà níwájú yín mu rárá. Ìwọ̀n oògùn inú òmíràn kò sì bá tábìlì òdiwọ̀n kankan dọ́gba. Ẹ má fi èsì rẹ̀ ṣe títọpa.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àwo tòní dára? Kòkòrò tí a mọ ìṣe rẹ̀ ni a ó fi dán an wò: E. coli ATCC 25922. Àyíká tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 29 sí 35 mm fún ceftriaxone 30 µg, àti 19 sí 26 fún gentamicin 10 µg. Bí ceftriaxone bá mú 25 jáde láàárọ̀ yìí, èsì ceftriaxone aláìsàn kankan ò gbọdọ̀ jáde títí a ó fi rí ìdí rẹ̀.

Àwọn èsì kan sì wà tó yẹ kí wọ́n mú yín dúró kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Klebsiella tí apá ampicillin ká: kòkòrò yẹn yarí fún un láti inú ẹ̀dá rẹ̀, ẹ tún wo orúkọ tí ẹ fún un. Staphylococcus aureus tí ẹ fi dísìkì sọ pé ó yarí fún vancomycin: dísìkì kì í ṣe òdiwọ̀n fún vancomycin níbẹ̀. Dísìkì colistin náà kò ṣeé gbára lé, nítorí oògùn yẹn kì í tàn dáadáa nínú ágà. Ní ti MRSA (Staphylococcus aureus tó yarí fún methicillin), cefoxitin 30 µg ni kí ẹ fi wò ó. 21 mm wálẹ̀ túmọ̀ sí pé ó yarí.

Fún Klebsiella àti E. coli tí meropenem ò ká, àyẹ̀wò kan wà tí kò gbówó lórí tó ń sọ bóyá kòkòrò náà ń ṣe ohun tó ń jẹ oògùn yẹn run: mCIM. Ẹ pò kòkòrò tó kún lúùpù 1 µL sínú mìlílítà méjì omi ìfúnkòkòrò (TSB), ẹ ju dísìkì meropenem 10 µg sínú rẹ̀, ẹ fi í sí 35°C fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ yọ dísìkì, ẹ gbé e lé àwo tí ẹ ti tẹ́ ATCC 25922 sí. Lọ́jọ́ kejì, bí àyíká bá wà láàárín 6 sí 15 mm, kòkòrò ti jẹ oògùn inú dísìkì tán. Bí ó bá tó 19 sókè, kò jẹ ẹ́. Bí ó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Bí èsì bá ti dúró, ẹ kọ iye mìlímítà sílẹ̀, ẹ má kọ "ó yarí" tàbí "kò yarí" nìkan. Ní 2010, CLSI tó ń ṣe òdiwọ̀n láàbù ní Amẹ́ríkà yí ààlà meropenem padà fún ẹbí Klebsiella. Tẹ́lẹ̀, àyíká tó bá ti tó 16 mm, apá oògùn ká a. Lẹ́yìn ìyípadà, ó gbọ́dọ̀ tó 23, tó bá sì jẹ́ 19 wálẹ̀, ìyarí ni. Kòkòrò kan náà, 18 mm kan náà, orúkọ méjì. Láàbù tó kọ mìlímítà lè fi ààlà tuntun tún ìwé àtijọ́ kà. Èyí tó kọ lẹ́tà nìkan á rò pé ìyarí ṣàdéédéé bú jáde lọ́dún náà.

WHONET, ètò kọ̀ǹpútà fún èsì láàbù, ni kí ẹ fi kó o jọ. Láti Boston ni John Stelling àti Thomas O'Brien ti gbé e kalẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ á bá yín yọ àwọn tó tún ara wọn ṣe: kòkòrò àkọ́kọ́ ti irú kan, láti ara aláìsàn kan, lọ́dún kan, òun nìkan ni a ń kà. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan tó pẹ́ ní ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù) tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà á di èèyàn mẹ́fà, àwọn tó ń pẹ́ níbẹ̀ ló sì máa ń ní kòkòrò tó burú jù. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe tí nọ́ńbà káàdì aláìsàn bá ń yí padà láti fọ́ọ̀mù dé fọ́ọ̀mù. Bí kòkòrò irú kan kò bá sì tó 30, ẹ má ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún; ẹ kọ "7 nínú 11" kí olúkálukú fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan tún lè fi iná pamọ́. Ní oṣù kìíní, 2 nínú Klebsiella 4 yarí. Ní oṣù kẹfà, 10 nínú 20. Ìdajì ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ti ń jó. Nítorí náà a nílò ọjọ́-bẹ́ẹ̀dì: kí nọ́ọ̀sì alẹ́ ka iye aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì ro ó pọ̀ lópin oṣù. Aláìsàn 25 fún 30 ọjọ́ jẹ́ 750. Àrùn 3 nínú 750 jẹ́ 4 nínú 1,000. Iye yìí ni a lè fi wé ti oṣù tó kọjá.

Bí iye náà bá fò sókè, ìgbà yẹn la ń wá ẹni tó ràn ẹni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bethesda, nílé ìwòsàn ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NIH Clinical Center, ní 2011, yẹ fún gbogbo wa. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gba aláìsàn kan láti New York, wọ́n sì mọ̀ pé ó ní Klebsiella tí apá carbapenem (ẹbí oògùn tí meropenem wà nínú rẹ̀) ò ká. Wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ó lọ sílé ní oṣù keje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kòkòrò náà yọ lára ẹlòmíràn. Kí ó tó parí, èèyàn 18 ló kó o, 11 kú, àrùn náà gan-an ló sì pa 6 nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì kòkòrò náà tán, ó hàn pé láti ara ẹni àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, pé ó gba ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kúrò lára rẹ̀, àti pé bí àyẹ̀wò ṣe ń mú wọn kọ́ ni wọ́n ṣe ràn ara wọn. Àwọn kan ti gbé e sínú ìfun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ibà. Wọ́n rí i nínú ojú ihò síǹkì, wọ́n tún rí i lára ẹ̀rọ amúnimí kan tí wọ́n ti fọ̀.

Níbi tí a kò ti lè ka jíìnì, ẹ ya ìlà àkókò: orúkọ lápá òsì, ọjọ́ lókè, bẹ́ẹ̀dì tí olúkálukú sùn sí àti ọjọ́ tí kòkòrò yọ. Ẹ fi òwú gba àyẹ̀wò ìdí gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù náà, ẹ yẹ síǹkì wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kí kòkòrò méjì yarí fún oògùn kan náà kò sọ wọ́n di ọ̀kan, nítorí jíìnì ìyarí lè fò láti inú Klebsiella bọ́ sínú E. coli. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti ń ka odindi jíìnì irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ohun tó máa ń wọ́n ni kòkòrò fúnra rẹ̀, torí pé láàbù ti dà á nù. Ẹ fi glycerol 20% tọ́jú ìgò kékeré méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú fírísà -80°C.

Nàìjíríà ti wà nínú GLASS, ètò títọpa ìyarí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2015, láti 2017, ọdún kan náà tí ìjọba gbé ètò orílẹ̀-èdè lórí ìyarí jáde lábẹ́ NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju èyí tí a ti kà lọ: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ohun tí a gbà lára, ọjọ́ tí a gbà á, àti bóyá láti ilé tàbí láti ilé ìwòsàn ni àrùn náà ti wá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Àbújá nìkan ni èsì ń lọ. Nígbà tí ìgò bá fi kòkòrò hàn, kí láàbù pe wọ́ọ̀dù lórí fóònù láàárín wákàtí kan, kó sọ ohun tó rí lábẹ́ maikirosíkóòpù láìdúró de dísìkì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí apòògùn àti láàbù jókòó pọ̀, kí wọ́n fi iye wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iye abẹ́rẹ́ tí wọ́ọ̀dù náà lò.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀, kó fi wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan, oṣù mẹ́fà. Ìwé ńlá kan tó: nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí a gbà á wọlé, ibi tó ti wá, ọjọ́ àti wákàtí tí a gba ẹ̀jẹ̀, ṣáájú tàbí lẹ́yìn oògùn, orúkọ kòkòrò, mìlímítà oògùn kọ̀ọ̀kan, àti bí ọmọ náà ṣe lọ sílé. Kí nọ́ọ̀sì kan àti oníṣẹ́ láàbù kan jọ máa fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n fi iye ìgò tó kúrò ní wọ́ọ̀dù wé iye tó dé láàbù. Tí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, kí wọ́n wá ìgò tó sọnù kí wọ́n tó lọ sílé.